Tẹlifíṣọ̀n Tó Gba Àyè Akẹtẹ̀ Wilmar

Títí di Ọjọ́rú tí rédíò sọ̀rọ̀, Nair Silveyra kò fẹ́ fojú kan tẹlifíṣọ̀n nínú ilé onítáyà rẹ̀. Wilmar ọkọ rẹ̀ ni kò fẹ́ ẹ, òun náà sì ti bá a kọ̀ ọ́ pẹ́ débi pé ó ti di kíkọ̀ tirẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni àwọn méjèèjì fi ń wá lo ìgbà ooru nínú ilé náà ní ibùdó yìí, létí òkun Rocha, nígbà tí oòrùn bá mú Montevideo débi pé ọ̀dà títì ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi Wilmar pé kí ló dé tí kò ra tẹlifíṣọ̀n kékeré kan síbẹ̀, èsì kan náà ló máa ń fọ̀.

"Òkun wà lápá ọ̀tún mi. Ademar àti Zully ń jà lápá òsì mi. Kí ló tún kù tí mo fẹ́ wò?"

Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ báyìí tí Wilmar ti kú. Nígbà ooru tó tẹ̀ lé ikú rẹ̀, Nair kò wá. Lọ́dún yìí ó wá. Ademar, aládùúgbò wọn ní ibùdó, ló fi ọkọ̀ rẹ̀ fa ilé náà jáde láti ẹ̀yìn ibùdó níbi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, tó gbé e wá sábẹ́ igi páìnì tí ó jẹ́ àyè wọn, tó sì fi bíríkì há táyà rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀ẹ́rẹ́. Tẹ́lẹ̀, Wilmar ní pákó kan tó fúnra rẹ̀ gbẹ́, tó nípọn lẹ́yìn, tó sì tẹ́ lẹ́nu, tó máa ń ti sábẹ́ táyà kí ilé lè dúró dáadáa. Lọ́dún yìí, Nair wá pákó náà títí, kò rí i. Láti ìgbà náà, ẹyin tó bá gbé sórí tábìlì a rọra yí lọ sápá ẹnu ọ̀nà. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé kékeré ni. Ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì lè nawọ́ pa sítóòfù láìdìde. Nígbà tí wọ́n jẹ́ méjì, ó há mọ́ wọn. Nígbà tó ku ẹnì kan, ó fẹ̀ jù.

Ní Ọjọ́rú yìí, Nair wà níbi ìfọwo, lábẹ́ òrùlé páànù tí gbogbo ibùdó ti ń fọ abọ́ wọn. Zully ìyàwó Ademar wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé rédíò rẹ̀ sórí ògiri. Ọkùnrin inú rédíò ní nítorí Kánífà, àjọ̀dún orin àti ijó tó ń lọ lọ́wọ́ ní Montevideo, lọ́jọ́ Àìkú, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tẹlifíṣọ̀n yóò gbé ìdíje àwọn múrígà àtijọ́ jáde fún aráyé. Ó wá dárúkọ ọdún kan. Ó dárúkọ múrígà mẹ́ta. Ìkẹta wọn ni Los Malmedidos, ìyẹn Àwọn Tí Ìwọ̀n Wọn Ò Bára Mu.

Nair gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ sínú omi, kò fọ̀ ọ́ mọ́.

Ta ni kò mọ múrígà nínú àwọn ará Montevideo? Ọkùnrin mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, ojú wọn kíkùn, aṣọ wọn bí ẹyẹ tí ìjì gbá wọnú ilé aláró, tí wọ́n tò láti ìkángun kan pẹpẹ dé ìkángun kejì, tí wọ́n ń kọrin ẹ̀fẹ̀ tí inú ènìyàn yóò fi máa dùn, tí wọn yóò wá fi orin ìdágbére pa á lẹ́kún kí wọ́n tó kúrò. Káfíńtà ni Wilmar, ṣùgbọ́n nígbà tó wà ní ọ̀dọ́ ó kọrin pẹ̀lú Los Malmedidos fún Kánífà márùn-ún. Ohùn òkè lohùn rẹ̀, èyí tó máa ń gun orí ohùn àwọn yòókù. Láti oṣù kẹwàá ni wọ́n ti máa ń ṣe ìfidánrawò, lálaalẹ́, nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ eléré bọ́ọ̀lù àdúgbò wọn.

Ní ọdún karùn-ún, ọdún tí rédíò dárúkọ gan-an, ọmọ wọn obìnrin ní éèyi. Ọmọ ń jó bí iná, Wilmar sì wọ bàtà, ó ní òun ń lọ sí ìfidánrawò. Nair sọ̀rọ̀ sí i lọ́jọ́ náà. Ó ní bó bá jẹ́ pé àwọn ọkùnrin tó ń kun ojú bí ọmọlangidi ni ìdílé rẹ̀, kó gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ bá wọn. Ara ọmọ yá, ṣùgbọ́n Nair kò gba ọ̀rọ̀ náà padà. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ kọrin níbi ìdíje, níwájú gbogbo Montevideo, tí àwọn ìyàwó akọrin jókòó lápá òsì ní ìlà kẹta bí ìṣe wọn, Nair kò lọ. Ó jókòó sílé, ó ń lọ aṣọ tí ó ti lọ̀ tẹ́lẹ̀. Wilmar wọlé pẹ̀lú ọ̀dà ojú nínú etí rẹ̀, ó lọ sùn. Nígbà tí oṣù kẹwàá tún dé, kò wọ bàtà. Nair kò bi í léèrè.

Ọdún mẹ́tàlélógún ti kọjá lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà, ibi ìfọwo nínú ibùdó yìí nìkan ni Wilmar ti ń kọrin, abọ́ lọ́wọ́, ọṣẹ dé ìgbúnwọ́. Ó kúrú, nítorí náà, bí ohùn bá fẹ́ gòkè, òun náà á nàgà, gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á kúrò nílẹ̀, bí ẹni fẹ́ mú nǹkan lórí àjà. Bí ohùn bá bọ́ sílẹ̀, òun náà á bọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ kékeré ibùdó máa ń dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á máa nàgà pẹ̀lú rẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ wà. Ohùn rẹ̀ kò sí níbì kan. Kò sí téèpù, kò sí fídíò. Aṣọ múrígà tó fi kọrin lọ́dún náà, Nair kò rí i lọ́rùn rẹ̀ rí, àfi lórí ìkọ́.

"Mo fẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n," ni Nair wí.

Zully wò ó láti ẹ̀gbẹ́. "Ìwọ?"

"Èmi."

"Ìwọ tí o ní tẹlifíṣọ̀n ń pe ẹ̀fọn wọlé?"

"Wilmar ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ lo máa ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ kó tó parí rẹ̀." Zully pa rédíò. "Ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀bù ibùdó o."

"Lọ́jọ́ Àìkú, aago mẹ́fà? Bọ́ọ̀lù ni wọ́n máa wò. Ta ló fẹ́ yí bọ́ọ̀lù kúrò nítorí opó kan? Mi ò sì fẹ́ wò ó láàárín àwọn tó ń mu bíà."

"À bá ní kí o wá wo tiwa," ni Zully wí, "àmọ́ o mọ bó ṣe jẹ́."

Nair mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ iná ni Ademar ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́dún tó kọjá, ó tú tẹlifíṣọ̀n wọn láti tún un ṣe, kò sì padé mọ́ láti ìgbà náà. Inú garawa kan ló wà lábẹ́ tábìlì wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ademar fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé àwọn obìnrin méjèèjì lọ sí ìlú Castillos. Kí wọ́n tó lọ, Nair ti wọn àyè tó wà nínú ilé onítáyà rẹ̀, láàárín kọ́bọ́ọ̀dù àti fèrèsé. Kò ní téèpù ìwọ̀n, nítorí náà òwú ìhun ló lò, ó ta kókó síbi tí àyè ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti parí. Òwú méjì ló fi wọ̀n ọ́n.

Ẹni tó ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù náà jẹ́ ọkùnrin onísùúrù kan tí awò ojú rẹ̀ ń yọ́ bọ́ sí imú. "Ìǹṣì mélòó lẹ ń fẹ́, màmá?"

Nair fa òwú pupa yọ nínú báàgì. "Èyí."

Ọkùnrin náà gbà á, ó yí i wò. "Òwú lèyí, màmá."

"Mo mọ̀ pé òwú ni. Láti kókó dé kókó ni àyè tí mo ní."

Ọkùnrin náà gbé òwú lé ojú tẹlifíṣọ̀n kan lẹ́yìn òmíràn, ó sì dúró níwájú ọ̀kan tí kò ju àwo ìgbóúnjẹ lọ. Ìǹṣì mọ́kàndínlógún. Ó ní ìyẹn gan-an dára fún ilé onítáyà, nítorí ó fúyẹ́, ó sì lè jẹ iná bátìrì ọkọ̀ bí iná ibùdó bá rẹlẹ̀. Iná ibùdó sì máa ń rẹlẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí gbogbo ènìyàn bá padà láti etí òkun tí wọ́n tan fíríìjì àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń se omi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n Nair kò wo ibẹ̀ mọ́. Ó ti dúró níwájú ńlá kan lórí ògiri, ìǹṣì méjìlélọ́gbọ̀n. Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ màlúù, orí rẹ̀ sì tóbi tó orí ènìyàn gidi. Èèyàn lè ka irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Nair dúró síwájú rẹ̀ pẹ́. Ó ń fi orí Wilmar sípò orí náà. Ó ń fi í síbẹ̀ ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, pẹ̀lú eyín iwájú tó ya díẹ̀, kó tó di pé ó rún.

"Èyí lojú ń wò," ni Ademar wí lẹ́yìn rẹ̀. "Kékeré yẹn, bíi kéèyàn máa yọjú wo ilé onílé nínú ihò kọ́kọ́rọ́ ni."

Nair yọ òwú kejì, aláwọ̀ ewé, láti inú báàgì. Ọkùnrin onísùúrù náà gbé e lé ojú ńlá náà. Ó ṣe é wẹ́kú.

"Kí ni ìyàtọ̀ òwú méjèèjì?" ni ọkùnrin náà bi í.

"Pupa ni bí pẹpẹ bá wà níbẹ̀. Aláwọ̀ ewé ni bí pẹpẹ bá kúrò."

"Pẹpẹ wo?" ni Ademar wí. "Pákó kékeré tí o ń gbé igbá tí o fi ń mu máté lé? Ìyẹn, ìṣẹ́jú méjì. Ìṣó mẹ́rin ni màá yọ."

"Kò lo ìṣó."

"Kí ló lò?"

"Wilmar gbẹ́ igi rẹ̀ wọnú ara wọn ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é, òjò ń rọ̀, mò ń dín àkàrà ìyẹ̀fun, ó ń jẹ ẹ́ bó ṣe ń jáde nínú epo. Àmì ọwọ́ rẹ̀ olóròóró wà lábẹ́ pákó náà títí di òní. Mi ò nù ún rí."

Ademar ki ọwọ́ bọ àpò. Zully ń wo iye tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ ìfọṣọ kan. Nair wo ojú ńlá náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá ká òwú aláwọ̀ ewé mọ́ ìka rẹ̀, ó dá a padà sínú báàgì.

"Ẹ di kékeré fún mi," ni ó wí. Gbogbo ọ̀nà tí wọ́n gbà padà, inú rẹ̀ ń bà jẹ́ nítorí rẹ̀. Ó ń rò ó pé ojú kan ṣoṣo tí òun fẹ́ rí láyé, òun ti lọ ra èyí tí yóò sọ ọ́ di ẹyọ àgbàdo.

Lọ́jọ́ Ẹtì ni Ademar wá kàn án. Ògiri irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ògiri ní tòótọ́. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ni, fóòmù wà láàárín wọn, igi gidi kò sí nínú rẹ̀ àfi níwọ̀nba. Ẹni tó bá kan háńgà tẹlifíṣọ̀n mọ́ ibi tí igi kò sí, yóò bá a nílẹ̀ pẹ̀lú ògiri lára rẹ̀. Ademar ń fi oríkèé ìka kan ògiri bí ẹni kan ilẹ̀kùn, ó ń tẹ́tí.

"Ó ń dún kó-kó níbi gbogbo," ni ó wí.

"Orí tìrẹ ló ń gbọ́," ni Zully wí láti ẹnu ọ̀nà. Òun ló ń po máté, ewé tí wọ́n ń rọ omi gbóná sí mu, fún gbogbo wọn lọ́jọ́ náà, ó di tẹ́mọ́ọ̀sì mọ́ abíyá.

"Wo ibi tí Wilmar kan nǹkan mọ́," ni Nair wí. "Kò kan nǹkan mọ́ ibi tí igi ò sí rí."

Gbogbo wọn wo ògiri. Yàtọ̀ sí pẹpẹ tí kò ní ìṣó, ìkọ́ kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀ láàárín kọ́bọ́ọ̀dù àti fèrèsé, akẹtẹ̀ Wilmar sì wà lórí rẹ̀, èyí tó máa ń dé lọ sí etí òkun. Ó ti wà níbẹ̀ láti òpin ìgbà ooru tó lò kẹ́yìn. Nígbà tí Nair ń gbá inú ilé lọ́jọ́ tó dé, ó gbá abẹ́ rẹ̀, ó nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

Ademar gbé ọwọ́ sókè, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ padà. "Ìwọ ni kó yọ ọ́," ni ó wí.

Nair yọ ọ́. Erùpẹ̀ etí òkun dà sílẹ̀ láti inú rẹ̀, kò pọ̀, ìwọ̀n iyọ̀ tí wọ́n ń bù sọ́bẹ̀. Ògiri abẹ́ rẹ̀ mọ́ ju ibi yòókù lọ, ó rí roboto. Nair gbé akẹtẹ̀ náà sórí bẹ́ẹ̀dì, lápá ògiri, ibi tí Wilmar máa ń sùn sí. Ademar kan ojú roboto náà, ó sì dún bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì.

Látibẹ̀, iṣẹ́ yá. Ó lu ihò mẹ́rin, ó fi bóòtù de háńgà mọ́ ọn, ó sì fi ọ̀pá olómi tí àwọn bíríkìlà ń lò wọn orí rẹ̀, ó sún un díẹ̀, ó tún un wọ̀n, títí omi inú rẹ̀ fi dúró gbọnrangandan sáàárín. Ó gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ ọ. Ó fi ẹ̀yìn rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó wò ó bí ẹni wo ọmọ rẹ̀ tó ń gba ẹ̀bùn nílé ìwé.

"Ẹnì kankan ò lè sọ pé kò tọ́," ni ó wí.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òjò rọ̀. Ní ibùdó náà, bí òjò bá ti kan páànù, kò sí obìnrin tí kò ní po ìyẹ̀fun. Nair lọ fa agbada ìdínǹkan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tó jìn sí ìsàlẹ̀ pátápátá tí kò lò láti ìgbà tí Wilmar ti kú. Nǹkan kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi súwẹ́tà àtijọ́ wé. Ó tú u. Pákó ìgbétáyà Wilmar ni. Wilmar ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: "Apá ẹnu ọ̀nà. Ibi tó nípọn sẹ́yìn. Má ṣe jẹ́ kí Ademar ṣe é."

Nair jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, pákó lórí itan, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà lẹ́nu rẹ̀ kó tó parí. Nígbà tí òjò dá, ó pe Ademar.

"Ó ní kí n má jẹ́ kí o ṣe é," ni ó wí, ó fi ìwé ara pákó hàn án.

Ademar kà á. "Ó ń bú mi láti ibi tó wà."

"Gbé ilé sókè, èmi ni màá tì í bọ̀ ọ́."

Ademar fi jáàkì gbé apá ẹnu ọ̀nà sókè, ó yọ bíríkì, Nair sì kúnlẹ̀ sínú abẹ́rẹ́ páìnì tó tutù, ó ti pákó náà bọ ibi tó yẹ, ibi tó nípọn sẹ́yìn. Ilé sọ̀ kalẹ̀ sórí rẹ̀. Ó wọlé, ó gbé ẹyin kan sórí tábìlì. Ẹyin dúró. Ó pẹ́ tó ti wo ẹyin tó dúró.

Zully ló kọ́kọ́ rí i. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àkàrà gbígbóná lọ́wọ́, ó tẹ orí sápá kan, ó tẹ̀ ẹ́ sápá kejì.

"Ademar," ni ó wí, "wá wo ọmọ rẹ."

Tẹlifíṣọ̀n ti wọ́. Apá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ga, apá fèrèsé rẹ̀ rẹlẹ̀, bí ọkọ̀ ojú omi tí ó fẹ́ rì.

"Mo fi ọ̀pá olómi wọ̀n ọ́n," ni Ademar wí.

"O wọn tẹlifíṣọ̀n. O gbàgbé pé ilé ni kò dúró."

"Omi inú ọ̀pá kì í parọ́."

"Òun kọ́ ló parọ́, bàbá. Ìwọ ni." Zully jẹ àkàrà rẹ̀. "Ọdún méjìdínlógójì ni ọkùnrin yìí fi ń ṣe iná fún ìlú. Ẹ wá rí ìdí tí gbogbo wa fi ń jókòó sínú òkùnkùn."

Ademar wo ihò mẹ́rin tó ti lù. Bó bá tún lu mẹ́rin míràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, igi náà yóò ya, kò sì sí igi míràn nínú ògiri ọ̀hún. Ó fọwọ́ ha irùngbọ̀n. "Ó rọrùn," ni ó wí. "Lọ́la, bí aago mẹ́fà bá ku díẹ̀, a ó yọ pákó yẹn fún wákàtí kan. Ilé á wọ́, tẹlifíṣọ̀n á tọ́. Bí o bá wò ó tán, a dá a padà."

"Rárá," ni Nair wí.

"Wákàtí kan péré, Nair."

"Kó máa wọ́ lọ. Pákó yẹn kò kúrò níbẹ̀."

Lọ́jọ́ Àìkú, láti aago márùn-ún ààbọ̀ ni Ademar ti wà lóde pẹ̀lú òpó éríà lọ́wọ́, nítorí àwòrán kì í dúró ní ibùdó náà àfi bí ènìyàn bá ń yí i. Oòrùn ṣì wà lórí igi. Nair ti wẹ̀, ó ti fi lọ́fínńdà sí ọrùn, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, akẹtẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Zully dúró sí ẹnu ọ̀nà láti máa gbé ọ̀rọ̀ láti inú lọ sóde.

"Yí i sápá òkun. Díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí. O ti kọjá a. Padà. Dúró síbẹ̀, má mí."

Múrígà àkọ́kọ́ kọrin, wọ́n lọ. Ìkejì kọrin. Nair kò gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Lẹ́yìn náà ìlù ńlá dún lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn ọkùnrin mẹ́tàlá sì jáde sórí pẹpẹ nínú aṣọ ewé àti wúrà, Los Malmedidos. Nítorí bí tẹlifíṣọ̀n ṣe wọ́, wọ́n tò láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, bí ẹni dúró lórí òkè kan, àwọn tó wà lápá fèrèsé rẹlẹ̀ jùlọ.

Nair sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú mẹ́tàlá ni, gbogbo wọn funfun, ẹnu gbogbo wọn pupa, ìràwọ̀ dúdú wà lójú gbogbo wọn. Nígbà náà ló yé e. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń ronú nípa ojú náà, lórí òwú pupa àti òwú aláwọ̀ ewé, kò sì rántí fún ìṣẹ́jú kan pé ojú kíkùn ni. Bó bá ra èyí tó tóbi tó ilẹ̀kùn, ọ̀dà ni ì bá rí.

"Òun nìyẹn," ni Zully wí, ó ń nàka. "Ẹni àárín. Wo imú."

"Òun kọ́."

"Ẹni tó sanra díẹ̀ ńkọ́?"

"Wilmar ò sanra rí."

"Bóyá ọ̀dà ni kò jẹ́ kó—"

"Zully, jọ̀ọ́."

Wọ́n kọrin ẹ̀fẹ̀, wọ́n fi ṣe àwọn olóṣèlú ayé ìgbà náà yẹ̀yẹ́, àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Nair ń wá ohùn kan nínú ohùn mẹ́tàlá. Wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra, bí ìyẹ̀fun àti omi, kò rí ibi tí yóò ti fà á yọ. Ó ń rò ó pé báyìí ni yóò ṣe parí, òun á wò ó látòkèdélẹ̀, òun ò sì ní mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn náà ìlù fà sẹ́yìn, orin ìdágbére bẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́. Ohùn gòkè. Ní ìkángun ìlà náà, lápá fèrèsé, níbi tó rẹlẹ̀ jùlọ, orí kan gòkè pẹ̀lú ohùn. Ó nàgà títí ó fi bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, ó dúró síbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ohùn fi dúró, ó wá bọ́ sílẹ̀. Ohùn tún gòkè. Ó tún gòkè.

Nair kò nàka.  Ó ti di etí bẹ́ẹ̀dì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí orí náà ṣe ń lọ sókè sódò ni gìgísẹ̀ tirẹ̀ ń kúrò nílẹ̀ nínú sálúbàtà. Ó wá gbọ́ ohùn náà wàyí. Níbi tí orí ti wà ni ó ti gbọ́ ọ, lórí gbogbo ohùn yòókù, ó tinrín, ó mọ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń dún lókè abọ́ tó wà nínú ọṣẹ.

Bí ìṣe múrígà, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ bí wọ́n ṣe ń kọrin lọ, wọ́n ń gba àárín èrò jáde, èrò ń fọwọ́ kàn wọ́n. Kúkúrú yìí ló kẹ́yìn. Ó dé orí àtẹ̀gùn, ó sì dúró. Ó gbé ọwọ́ oníbọ̀wọ́ sí iwájú orí nítorí iná tó ń tàn sí i lójú, ó wo apá òsì, ìlà kẹta. Ó wò ó láti ìkángun dé ìkángun. Ẹnu rẹ̀ kò kọrin mọ́. Ẹnìkan nawọ́ padà láti ìsàlẹ̀, ó fà á lápá, ó sì tẹ̀ lé wọn lọ, ṣùgbọ́n ó tún bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan.

Àwòrán yí padà, obìnrin kan dé, ó ń polówó ọṣẹ ìfọṣọ.

 Zully rọ máté, ó nà án sí Nair. "Ta ni nínú wọn?"

"Ẹni tó dúró lórí àtẹ̀gùn."

"Èyí kúkúrú tó ṣìnà?"

"Kò ṣìnà," ni Nair wí. "Èmi ló ń wá."

Láti òde, lẹ́yìn ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà, wọ́n gbọ́ ohùn Ademar. Ó ti gbàgbé ara rẹ̀ síbẹ̀, àwọn náà sì ti gbàgbé rẹ̀.

"Zully. Apá mi ti kú. Ṣé ó ti parí? Ṣé kí n sọ òpó yìí kalẹ̀?"

Zully yíjú sí Nair. Nínú tẹlifíṣọ̀n, obìnrin ọlọ́ṣẹ náà ń sá aṣọ funfun sórí okùn tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́. Nair gbé akẹtẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé e lé itan, kò mú ojú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

"Bẹ̀ ẹ́ kó dì í mú díẹ̀ sí i," ni ó wí.